Orin Tí Eléṣin Kì í Kọ Fún Ara Rẹ̀

Ẹsẹ̀-ń-kánjú, Ojú-ń-kìlọ̀, Ilé-ò-sá-fún-onílé: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni awo tó dífá fún Ògúndìran eléṣin, nígbà tó fẹ́ gbé Àwẹ̀ró, aya rẹ̀ aboyún, lọ bímọ nílé ìyá obìnrin náà.

Ìdàgẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà ibẹ̀. Òkúta ló kún un, odò sì wà nísàlẹ̀. Ó ti pa ènìyàn tó pọ̀. Nítorí èyí làwọn àgbà ṣe jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ èrò. Wọn ò fi ti ẹni tó ń rá pálá ṣe òṣùwọ̀n, wọn ò sì fi ti ẹni tó ń bẹ́ gìjà ṣe é. Ìrìn tí ọ̀pọ̀ èrò ń rìn láìṣubú ni wọ́n mú, wọ́n sì fi orin wọ̀n ọ́n. Bí eléṣin bá ti dé ibi màrìwò tí wọ́n ta sókè ìdàgẹ̀rẹ́ náà, kó máa kọ orin náà. Bó bá dé odò kí orin tó parí, ó ti rú òfin.

Kí làwọn eléṣin wá ṣe? Wọ́n ń kọ orin náà wàrà-wàrà! Wọ́n ní ṣebí orin parí. Ara wọn ni wọ́n ń tàn. Ògúndìran náà ti ń ṣe é tipẹ́, nǹkan kan ò ṣe é, ló bá rò pé nǹkan kan ò lè ṣe òun.

Awo ní, "Ikú ti jókòó sí ìdàgẹ̀rẹ́. Rú ẹyẹlé méjì, kí o sì fi orin náà lé ẹni tí o gbé sẹ́yìn lọ́wọ́."

Ẹyẹlé kò ṣòro, ó rú wọn. Orin ló dùn ún. Kí obìnrin máa wọn eré fún eléṣin bí irú òun?

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi màrìwò, ó bojú wẹ̀yìn wo ikùn aya rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ ni kó o kọ ọ́."

Àwẹ̀ró ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Láwọyin, ọ̀rẹ́ Ògúndìran, gẹṣin lé wọn bá. Ó pariwo pé, "Ògúndìran, ẹṣin lo gùn ni àbí ìjàpá? Kúrò lọ́nà jàre!"

Ojú ti Ògúndìran. Ó fẹ́ fi kẹ́sẹ́ gún ẹṣin. Àwẹ̀ró di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Olówó orí mi, orin ò tíì parí."

Láwọyin kọjá lára wọn, ó ń sáré kọ orin tirẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú. Níbi tí ọ̀nà ti yí sí odò, ohùn náà já lójijì. Àwẹ̀ró dákẹ́.

Ògúndìran ní, "Má dákẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, má dákẹ́."

Nígbà tí orin parí, wọ́n dé etí odò. Ẹṣin Láwọyin ń mu omi. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Àwẹ̀ró bí tibi-tire. Ògúndìran kò dúró jó ìkómọ. Ó padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó jẹ́wọ́ bí àwọn ṣe ń fi orin pa irọ́. Láti ìgbà náà, arúgbó kan ní í jókòó sábẹ́ màrìwò, òun ní í kọ ọ́ fún gbogbo eléṣin, ohùn rẹ̀ a sì máa dé etí odò.

Ifá ní ẹbọ ẹyẹlé rọrùn. Agídí ara ẹni tí a bá fi rúbọ ló ń mú ni délé.