Korobá Méjì Ẹ̀ṣọ́ Àdúgbò

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ti di òfin. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀: àwọn ará àdúgbò tí a fún ní kóńdó àti aṣọ pupa àsomápá, kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn ará àdúgbò wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà, omi kan ṣoṣo tí òpópónà náà ní. Láràárọ̀, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan a kọ́kọ́ pọn korobá méjì fún ilé rẹ̀, kí ó tó kan àwọn tí ó tò.

Olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ ìjọba nínú. Wọ́n mú un lọ, wọ́n sì pàṣẹ pé ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọn omi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ; a kò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ.

Nígbà tí obìnrin náà dé ìdí ẹ̀rọ, ọkùnrin yìí dá a padà. Lẹ́yìn náà ó pọn korobá méjì tirẹ̀, ó gbé wọn kọjá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí ti olùkọ́. Ìyàwó tirẹ̀ lọ tò sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó ti di apọnmi ọlọ̀tẹ̀. Ọkùnrin náà ní ẹrù náà kò wúwo.

Ní ọjọ́ kẹrin tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, olórí ẹ̀ṣọ́, tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, pè é síwájú gbogbo ènìyàn.

"Bàbá, ẹ ti rú òfin."

"Ọ̀gá, òfin ní kí ará ilé olùkọ́ má pọn omi. Wọn kò pọn ọ́n. Èmi ni mo pọn ọ́n."

"Fún ta ni?"

"Fún ọmọ tí kò tíì sọ ohunkóhun nípa ìjọba."

Olórí gba kọ́kọ́rọ́ àti aṣọ pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà dúró sí ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú korobá òfìfo. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pọn méjì tirẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó sì gbé wọn kọjá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Mo ti rò ó títí bóyá kò yẹ kí ó ti tú aṣọ náà lápá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí àṣẹ ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ, má sọ fún mi pé wọn kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ọ láti ṣe. Korobá tìrẹ dà? Ẹnu ọ̀nà ta ni o gbé e lọ láàárọ̀ yìí?