Ẹ̀ka Kan Ṣoṣo Ọ̀kẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá wẹ́rẹ́, ó já wàì, ó bọ́ sórí igi àgbálùmọ̀ Àáyá.

Ọdún ọ̀dá ni. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ kọ̀ọ̀kan ló kù nílé ẹranko kọ̀ọ̀kan, igi Àáyá nìkan ló sì tanná nínú igbó. Àáyá pe ìlú jọ, ó ní òun fẹ́ tà á kó tó so: ẹ̀ka ńlá kan, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ kan. Wọ́n ní ó wọ́n jù, wọ́n tú ká.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àáyá ti so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ara igi, ẹni tó bá ra okùn ló ni èso ẹ̀ka rẹ̀; ó ń kọrin. Ẹ gbè é kó dùn o:

Ẹ̀kúnwọ́ kan péré —
*Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́!*
Okùn kan di tìrẹ —
*Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́!*
Ta ni ò lè rà á? —
*Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́!*

Gìrìgìrì ni wọ́n ya débẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ò lè fún un lánàá, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n fi kó o fún un tán lónìí. Ehoro gba okùn rẹpẹtẹ, ó ń yan fanda.

Opó ni Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan yẹn ló kù láàárín wọn àti ebi. Òun náà ti ń sáré bọ̀, àfi bó ṣe dúró. Ó jókòó sídìí igi, ó ń ka okùn ara ẹ̀ka ńlá kan tí ẹnì kankan ò tíì rà nínú rẹ̀, ó ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ fún okùn kọ̀ọ̀kan. Apẹ̀rẹ̀ gbẹ fáú, kò tíì ka ẹ̀ka náà dé ìdajì!

Bí Àáyá ti gbọ́n, ni Ògúngbẹ̀ náà gbọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́ kó ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó tọ Àáyá lọ.

“Bàbá Àáyá, ẹ̀ka ńlá ni mo fẹ́, ní iye tí ẹ pè é lójú ìlú.”

Àáyá fajú ro, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ehoro ń fi í rẹ́rìn-ín. “Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ̀ka kan ṣoṣo? Tèmi ò lóǹkà.”

“Bàbá Ehoro, ẹ jẹ́ kó so ná.”

Ó so, ó pọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́ ká, ó ká, ilé kún dẹ́nu. Ehoro ká gbogbo okùn rẹ̀ tán, kò tó ìdajì ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó lọ bá Àáyá jà, Àáyá bi í bóyá òun fagbára mú un rà á ni. Ehoro kọrí sílé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bu àgbálùmọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Ehoro, ó sì dá orin:

Ẹ̀ka kan ni mo rà —
*Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́!*
Ọmọ mi jẹ, wọ́n yó —
*Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́!*

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń gbé ìrù sókè bó bá ń rìn. Ìgbéraga kọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Iyì ni.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí tì sí. Bí mo bá purọ́, kí kóró àgbálùmọ̀ há mi lọ́fun. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ọjà tí owó rẹ̀ kéré lè wọ́n, èyí tí owó rẹ̀ tóbi sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀. Kí á tó rà á, ká kọ́kọ́ wo ohun tí a óò gbé délé.