Ẹ̀rí Ọ̀gá Láníhùn

Ọ̀gá Láníhùn ló ń pín owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tuntun, bó bá sì ti ní rárá, ó parí nìyẹn. Níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó sọ fún Ìbídùn, tòun ti àwọn ọmọ yunifásítì jọ ṣe ẹ̀rọ tó ń mú èlùbọ́ gbẹ nígbà òjò, pé, "Kí aago méjì tí mo máa lọ bá gómìnà tó lù, mú ìwé ẹ̀rí èèyàn ńlá kan tó ti lò ó wá." Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó rí. Ìbídùn wo agbádá ọ̀gá tí òjò ti pa. "Sà, ṣé báyìí lẹ ṣe máa lọ bá gómìnà? Ẹ bọ́ ọ." Ó kó o sínú ẹ̀rọ tó gbé wá, kò pẹ́ tó fi gbẹ táútáú. Ọ̀gá gbé e wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn na bébà sí i: "Ẹ bá wa kọ bí ẹ ṣe rí i, sà." Ó kọ ọ́ pé ó gbẹ dáadáa, ó sì fọwọ́ sí i. Ìbídùn bá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bébà náà padà fún un lójú gbogbo ìgbìmọ̀. "Ìwé ẹ̀rí tí ẹ ní kí n mú wá nìyí, sà." "Tèmi kọ́ ni mo ní kóo mú wá." "Ti èèyàn ńlá lẹ ní, sà. Tí ẹ bá ní ẹ kì í ṣe èèyàn ńlá, màá mú un lọ." Ìgbìmọ̀ ń wo ọ̀gá. Ó ká apá agbádá sí èjìká, ó ní, "Ta ló ní èmi kì í ṣe èèyàn ńlá? Ẹ fún un lówó ẹ̀."