Ìwé Ìwọ̀n Bàbá Aránṣọ

Ọkùnrin kan wà, ọmọ aránṣọ ará Ìlá, tí ó ré òkun kọjá lọ sí ìlú olótùútù kan tí wọ́n ti ń wọ kóòtù nínú ilé. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlá níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fi owó rẹ̀ bọ́ ìyàwó àti ọmọbìnrin kan.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ di ẹrù kékeré kan, ó fi rán ẹni tó ń padà lọ sí òkè òkun. Kò sọ ju pé bàbá ló ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀: àlùmọ́gàjí ńlá tí bàbá fi ń gé aṣọ, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà rí, àti ìwé ìwọ̀n rẹ̀, níbi tó ń kọ èjìká, àyà àti gígùn ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà sí. Ọkùnrin yìí fi aṣọ funfun wé méjèèjì, ó gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àlejò bá dé, á sọ̀ wọ́n kalẹ̀, á ní, "Ogún bàbá mi nìyí." Àlejò á yìn ín. Á tún dá wọn padà. Kò ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Má rò pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kó máa gbé wọn gẹ̀gẹ̀. Ẹ̀rù ni. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe. Ó ku oṣù mẹ́rin kó gba fúrídọ̀mù, ọjọ́ tí ọ̀gá ń gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ tó ti parí, tó ń gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, ni físà rẹ̀ jáde. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n yẹn gan-an sì ni bàbá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ sí. Ẹni tó bá parí, á kọ ọjọ́ tó dá a sílẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá sá lọ, á fi rúlà àti báírò pupa fa ìlà gba àárín orúkọ rẹ̀ kọjá. Ìṣojú ọkùnrin yìí ni bàbá ti fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbà pé tòun ni ìkẹrin. Bí ó ṣe sọ ogún di ìwé ìpẹ̀jọ́ nìyẹn, fún odindi ọdún mẹ́fà.

Lọ́dún kan, ilé ìwé ọmọ rẹ̀, Ìbídùn, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ìlú àwọn òbí rẹ̀ wá. Àǹtí kan fi ìró àti bùbá ránṣẹ́ láti ilé. Bùbá ọ̀hún gba Ìbídùn méjì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, àlùmọ́gàjí ṣáà wà nílé yìí."

"Mi ò lè fi gé aṣọ. Wọn ò fún mi ní fúrídọ̀mù."

"Ẹni tí ìbá fún yín ti lọ sọ́run. Ta lẹ wá ń dúró dè?"

Ìgbà yẹn ló tó sọ ti ìlà pupa fún un. Obìnrin náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gun àga, ó gbé ẹrù náà sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bó bá wà níbẹ̀, ká mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé. Ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ṣí ìwé, tó ń ka orúkọ títí tó fi dé orí tirẹ̀.

"Ẹ wá kà á fúnra yín."

Kò sí ìlà kankan lórí orúkọ rẹ̀. Ohun tí bàbá kọ ni pé: "Ó rìnrìn àjò kí n tó dá a sílẹ̀. Mo dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Mo gbàdúrà fún un bí kò tilẹ̀ sí nílé. Ṣòkòtò tó rán fún mi kẹ́yìn ni mo wọ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Òun ni kí ẹ fún ní àlùmọ́gàjí mi."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ara tù ú. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ni kò mọ̀. Ó pe Ìbídùn, ó wọn èjìká rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé náà, ó sì gé bùbá. Ọwọ́ rẹ̀ ti le. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú u kó tó bá ọmọ mu.

Ìwọ tí mo ń ṣe àkàwé yìí fún, mo ti dé ilé rẹ ní òkè òkun ọ̀hún. Mo rí ìwé tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́, tó ṣì wà nínú ọ̀rá, àti ọ̀bẹ tí bàbá rẹ fi ń fín ọnà sára igi, tí o gbé kọ́ sára ògiri. O ń nu eruku ara wọn, o pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Àmọ́ o gbà pé inú ń bí wọn sí ọ torí pé o lọ, torí pé o kò sí níbi ìsìnkú wọn. Ta ló sọ fún ọ? Ẹni tó ń bínú síni kì í fi ohun tó fẹ́ràn jù ránṣẹ́ síni. Lọ ṣí ìwé náà, kà á sókè kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́. Pọ́n ọ̀bẹ, kí o fi ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ tí o ń sá fún láti ọjọ́ yìí, ìwọ nìkan lo pe ara rẹ.