Ẹ̀gúsí Fẹ́hìntọ́lá Lórí Àpáta

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Fẹ́hìntọ́lá gbọ́ ọ, kò kà á sí.

Tẹ́lẹ̀, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí oko rẹ̀. Wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, oníkálukú á sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lọ sílé. Lọ́dún yìí, ẹ̀kúnwọ́ yẹn ń dùn ún. Ó lé wọn, ó dá a bó fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èékánná ń ta á, ilé pa lọ́lọ́.

Ọjọ́ tó sá a sórí àpáta ni òjò ṣú. Bí òjò bá pa ẹ̀gúsí náà, yóò bu, oúnjẹ ọdún kan lọ nìyẹn. Bó ti ń kó apá kan ni afẹ́fẹ́ ń gbá apá kejì. Ta ni yóò pè? Ẹnu wo ni yóò fi pè é?

Àfi gìrìgìrì ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wúlẹ̀mọ́tù ló ṣáájú àwọn ọ̀rẹ́ tó lé dànù. Wọ́n ti tú ìborùn, wọ́n ń gbá ẹ̀gúsí sínú rẹ̀.

“Ahun, di etí aṣọ yìí mú!”

“Wúlẹ̀, òjò á pa yín.”

“Ṣé ẹ̀gúsí bíbu lo fẹ́ sè fún wa ni?”

Nílé ìdáná, gbogbo wọn ń gbọ̀n. Fẹ́hìntọ́lá yan ẹ̀gúsí fún wọn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì méjì sí ìborùn kálukú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá jẹ, ẹ wojú ọ̀run o.