Ọkùnrin Ìkànnì Tí Kò Jẹ̀bi

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Àléébù kan ló ní: bí ó bá ti mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ti parí lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń bí i nínú jù láyé ni iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ń lò ó. Iléeṣẹ́ yìí a máa fi àwòrán orí ìkànnì pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá tún ṣí ìkànnì náà, àwòrán àtijọ́ ni wọ́n á gbé fún un, bí ọbẹ̀ àná tí wọ́n kàn kaná. Ó lè tó ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó lọ mú tuntun. Àwọn tó ń kọ́ ìkànnì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ nínú wàhálà yìí: wọ́n á fún àwòrán tuntun ní orúkọ mìíràn, iléeṣẹ́ náà kò ní bá orúkọ yẹn nínú ohun tó kó pamọ́, á sì lọ mú èyí tó tọ́ wá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ọkùnrin wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní òun kò ní ṣe é. "Ṣé èmi ni n óò máa tún ìwà wọn ṣe fún wọn ni?"

Ilé ìwòsàn kan gbé àwòrán ìkéde fún un kó fi sórí ìkànnì wọn. Dókítà ojú tí ń ti Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ ni yóò wá. Ọkùnrin náà fi àwòrán tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ó wò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí kò lo iléeṣẹ́ yẹn. Ìṣẹ́gun ló rí. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ́hìntọlá pè é láti abúlé, nítorí nọ́ńbà ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀ ìkànnì ilé ìwòsàn náà. Ojú ọ̀tún ìyá rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n sì ti kìlọ̀ pé bí dókítà kò bá ṣiṣẹ́ abẹ sí ti òsì lọ́dún yìí, òun náà á fọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ọjọ́ ti yí padà. Ọjọ́ wo ni kí n gbé màmá mi wá?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo lẹ ń lò?"

Ó dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà pòṣé. "Àwọn oníranù yẹn! Ẹ gbọ́ mà, kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi. Ohun tí mo gbé síbẹ̀ ló tọ́. Ẹ lọ kà á dáadáa."

Obìnrin náà lọ kà á dáadáa. Ọjọ́bọ̀ ló kà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣebí ẹni tó ni iṣẹ́ ló sọ ọ́.

Ọkùnrin náà jókòó ti lẹ́tà tó ń kọ sí iléeṣẹ́ náà, ẹ̀rí lórí ẹ̀rí. Ó ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà pè é. "Àwọn èèyàn kò wá o! Ìyá Fẹ́hìntọlá tí dókítà ń retí gan-an kò wá. Aago mẹ́rin ni dókítà sì ń lọ!"

Ó pa lẹ́tà náà tì. Ó yí orúkọ àwòrán náà padà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ó pe obìnrin náà. "Mà, òní ni o! Ẹ máa bọ̀ kíákíá!"

"Òní kẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lọ kà á. Mo kà á, sà."

Ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ọkùnrin náà sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ó dọ̀bálẹ̀ fún dókítà, dókítà fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un fún un, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò dókítà ti lọ kí ọ̀kadà tó gbé ìyá àti ọmọ dé ẹnu géètì. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ìyá náà kọjú síbi tó ti gbọ́ ohùn.

"Fẹ́hìntọlá, ṣé dókítà nìyẹn?"

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, iléeṣẹ́ náà kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé àwọn làwọn jẹ̀bi, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Kò fi han ẹnikẹ́ni. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń fa ìyá náà lọ́wọ́ kó tó lè jáde síta.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, láti àárọ̀ lo ti ń rojọ́ fún mi pé àbúrò rẹ ló ṣẹ̀ ọ́, òun ló dí nọ́ńbà rẹ kí ìpè rẹ má baà wọlé, nítorí náà bí kò bá gbọ́ pé ìyá yín wà lórí àìsàn, òun ló fà á. Ó dáa. Mo gbà. O kò jẹ̀bi rárá. Ṣùgbọ́n ìyá yín ń béèrè àbúrò rẹ. Fóònù tèmi rèé, kò dí nọ́ńbà mi. Gbà, pè é.