Pálọ̀ Tí Omi Kò Lè Gbé Lọ
Àkúnya odò ti gbá ilé Ìyá Mopélọ́lá, opó kan, lọ pátápátá kí Ọ̀gbẹ́ni Fátúnmbí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ adójútòfò, tó dé wá sọ lójú gbogbo àdúgbò pé àfi kí opó náà fi ilé ọ̀hún han òun kí òun tó san kọ́bọ̀. Opó náà kò jiyàn, ó ní, "Ó ti rẹ̀ yín, ọ̀gá, ẹ jókòó." Fátúnmbí jókòó lórí síméńtì kan tí ẹrẹ̀ bò, ó ní, "Igbó lásán rèé, ìyá. Kò sílé níbí rí." Ìyá Mopélọ́lá ní, "Ojú oórì ọkọ mi lẹ jókòó lé yẹn, láàárín pálọ̀ wa. Àbí òkú burúkú ni, tí mo fi gbé e lọ sin sígbó?" Gbogbo àdúgbò kọjú sí Fátúnmbí. Ó fò dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì buwọ́ lùwé ìsanwó. Odò kó gbogbo ohun tí opó ní lọ. Òkú nìkan ló dúró tì í.